Ẹ Dárúkọ Olùdarí, Ẹ Sọ Ohun Tí Ó Ṣe: Ẹ̀sùn Rúdurùdu Kò Lè Gba Owó Onípìn-ín Padà

Bí ẹ bá ń ka ìwé ìròyìn déédéé, ẹ ó ti mọ irú ìròyìn yìí bí ẹni mowó. Àkọlé rẹ̀ máa ń tóbi gàdàgbà: àwọn onípìn-ín ti wọ́ àwọn olùdarí ilé iṣẹ́ wọn lọ sílé ẹjọ́ nítorí ọ̀kẹ́ àìmọye owó. Agbẹjọ́rò olùpẹjọ́ yóò dúró síwájú àwọn ayàwòrán, yóò ní àwọn olùdarí ti dalẹ̀, wọ́n ti jẹ ilé iṣẹ́ run. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, a kò ní gbúròó ẹjọ́ náà mọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, bí a bá bi akọ̀wé kóòtù léèrè, yóò ní wọ́n ti da ẹjọ́ yẹn nù tipẹ́. Àwọn onípìn-ín yóò mi orí, wọn yóò ní adájọ́ ti gba rìbá.

Èmi kò sọ pé kò sí adájọ́ tí ń gba rìbá. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ní dùn mọ́ àwọn agbẹjọ́rò kan nínú. Púpọ̀ nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tí mo fi ojú ara mi rí ti kú kí adájọ́ tó ya ẹnu rẹ̀ rárá. Inú ìwé ìpẹ̀jọ́ ni wọ́n kú sí, ọwọ́ ẹni tí a sì san owó fún láti gbà wọ́n là ni wọ́n kú sí.

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ akọ̀ròyìn, tí wọ́n ń rán mi lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìkòyí, mo bá bàbá kan pàdé níbẹ̀, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì. Nínú àpò aláwọ̀ tí ó gbé dání ni àwọn ìwé ẹ̀rí ìpín ìdókòwò rẹ̀ wà. Òun àti àwọn mélòó kan ni wọ́n pe àwọn olùdarí ilé iṣẹ́ kan lẹ́jọ́. Mo gba ìwé ìpẹ̀jọ́ náà kà. Ó gùn, ó sì kún fún ọ̀rọ̀ ńláńlá: àwọn olùjẹ́jọ́ ti “hùwà àìṣòótọ́,” wọ́n ti “lo ipò wọn ní ìlòkulò,” wọ́n ti “fi ìwà ọ̀kánjúwà ba ilé iṣẹ́ jẹ́” láti ìgbà dé ìgbà. Mo wá ọjọ́ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, n kò rí i. Mo wá iye owó kan ṣoṣo tí ó kúrò ní ibì kan lọ sí ibòmíràn, n kò rí i.

Adájọ́ náà kò bínú. Ó kàn béèrè pé, “Lọ́yà, olùjẹ́jọ́ kẹrin yìí ńkọ́? Kí ni òun ṣe?” Agbẹjọ́rò ṣí ìwé síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn, ó ní, “Olúwa mi, gbogbo wọn ni wọ́n jọ ṣe é.” Adájọ́ ní, “Kí ni wọ́n jọ ṣe?” Kóòtù dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n fún un láyè kí ó lọ tún ìwé rẹ̀ kọ. Nígbà tí ó padà dé, èébú ni ó fi kún un, kò fi òtítọ́ kan kún un. Wọ́n da ẹjọ́ náà nù. Bí a ti ń jáde, bàbá náà fà mí lápá, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé ẹjọ́ mi ni wọ́n dá yẹn?” Títí di òní, n kò mọ bí mo ṣe lè dá a lóhùn. Wọn kò dá ẹjọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì ro ẹjọ́ rẹ̀ fún adájọ́ rí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin béèrè lọ́wọ́ olùdarí. Òfin tí ó de àwọn ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn amòfin ń pè ní CAMA, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, sọ ọ́ kedere. Abala 305 ní ẹni tí ilé iṣẹ́ fọkàn tán ni olùdarí jẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ hùwà òtítọ́ pátápátá sí i. Ohun tí ó bá gbà gbọ́ pé yóò ṣe ilé iṣẹ́ lápapọ̀ láǹfààní ni kí ó máa ṣe. Abala 306 ní kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àǹfààní ti ara rẹ̀ forí gbárí pẹ̀lú ojúṣe rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ èrè ìkọ̀kọ̀ lórí ohun ìní ilé iṣẹ́. Abala 308 ní kí ó lo ìṣọ́ra, aápọn àti òye tí ọlọ́gbọ́n olùdarí yóò lò bí ó bá wà ní ipò rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìwọ̀nyí, wọn kì í ṣe ọ̀nà kan. Olùdarí tí ó gbé iṣẹ́ àgbàṣe fún ilé iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ láìsọ fún ìgbìmọ̀ ti ṣẹ̀, kódà bí iṣẹ́ náà bá dára. Èyí tí ó ń sùn nínú ìpàdé títí tí wọ́n fi kó owó jáde náà ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀, nítorí kò jẹ kọ́bọ̀ kan. Ẹni tí ó fi agbára ìgbìmọ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìpín ìdókòwò kí ó lè dúró pẹ́ lórí àga tún yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Ẹ̀rí tí a ó fi mú ọ̀kan kò lè mú èkejì. Agbẹjọ́rò tí ó bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú ìkòkò kan, tí ó pè é ní “ìwà ọ̀dàlẹ̀,” kò tíì pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ó kàn ń bú ènìyàn ni.

Iṣẹ́ ìwé ìpẹ̀jọ́ kò ju pé kí ó jẹ́ kí ẹni tí a pè lẹ́jọ́ mọ ohun tí yóò dáhùn, kí adájọ́ sì mọ ohun tí ó fẹ́ gbọ́. Ìlànà àwọn ilé ẹjọ́ wa ní òtítọ́ tí ó ṣe kókó ni kí a kọ sínú rẹ̀. Bí a bá sì fẹ̀sùn jìbìtì tàbí ìwà ọ̀dàlẹ̀ kan ènìyàn, kí a to àlàyé rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ó ti pẹ́ tí àwọn ilé ẹjọ́ gíga wa ti ń dájọ́ pé ẹ̀rí lórí ohun tí kò sí nínú ìwé ìpẹ̀jọ́ kò wúlò. Ẹ lè mú ẹlẹ́rìí tí ojú rẹ̀ tó o wá. Bí ohun tí ó rí kò bá sí nínú ìwé yín, ẹ̀rí rẹ̀ di omi tí a dà sẹ́yìn igbá.

Nínú yàrá ìròyìn tí mo ti kọ́ṣẹ́, olóòtú wa kò ní gba ìròyìn ìjà ọjà lọ́wọ́ ọmọ tuntun láìbéèrè ìbéèrè mẹ́rin: ta ni, kí ni ó ṣe, níbo, nígbà wo? Ìwé ìpẹ̀jọ́ lòdì sí olùdarí ní mẹ́rin tirẹ̀. Ta ni nínú wọn? Kí ni ó ṣe, ní ọjọ́ wo? Èwo nínú ojúṣe rẹ̀ ni ó fi ohun tí ó ṣe yẹn rú? Kí ni ilé iṣẹ́ pàdánù, tàbí kí ni òun fúnra rẹ̀ jẹ lérè? Ó yà mí lẹ́nu pé ohun tí a kò lè gbà lọ́wọ́ ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ ìròyìn ni àwọn àgbà nínú iṣẹ́ òfin ń gbé lọ síwájú adájọ́.

Bóyá ẹ rò pé mo ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré ni. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ẹjọ́ kan tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin ilé iṣẹ́ mọ̀. Ilé iṣẹ́ sinimá kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Regal. Ó fẹ́ háyà ilé sinimá méjì sí i nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ kékeré kan tí ó dá sílẹ̀. Ìpín 5,000 ni ilé iṣẹ́ kékeré náà ní, pọ́n-ùn kan fún ìpín kọ̀ọ̀kan. Agbára Regal kò ju 2,000 lọ. Àwọn olùdarí àti àwọn mìíràn bá dá owó ra èyí tí ó kù. Nígbà tí wọ́n tà á, èrè ti gorí ìpín kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó wá ra Regal ní kí àwọn olùdarí náà dá èrè padà. Ní ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fìdí rẹmi, nítorí adájọ́ kò rí ìwà èrú kankan nínú ohun tí àwọn olùdarí ṣe. Wọ́n fìdí rẹmi ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn pẹ̀lú. Ní ọdún 1942 ni Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù níbẹ̀ nígbà náà, wá sọ òdodo ọ̀rọ̀: kò pọn dandan kí olùdarí jẹ́ oníjìbìtì. Bí ó bá ti jẹ́ pé ipò rẹ̀ ni ó fi rí èrè náà, tí àwọn onípìn-ín kò sì fọwọ́ sí i, kí ó dá a padà.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀ fún wa. Àkọ́kọ́ ni pé ariwo “jìbìtì” kì í ṣe àmì akin, àmì ọ̀lẹ ni nígbà mìíràn. Abala 135 nínú Òfin Ẹ̀rí wa ti ọdún 2011 sọ pé bí ẹ̀sùn ọ̀daràn bá wọ inú ẹjọ́, kódà ẹjọ́ owó lásán, a gbọ́dọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kọjá iyèméjì. Agbẹjọ́rò tí ó bá ní èrè ìkọ̀kọ̀ lọ́wọ́, tí ó sì fi jìbìtì bò ó mọ́lẹ̀ nítorí kí ìwé ìròyìn lè gbé e, ti gbé àpáta lé orí oníbàárà rẹ̀ nígbà tí òkúta wẹ́wẹ́ ì bá tó. Ìkejì ni pé kì í ṣe gbogbo àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ni ẹ̀bi dé bá. Àwọn olùdarí mẹ́rin ni wọ́n ní kí ó san owó padà. Alága wọn, Gulliver, bọ́, nítorí kò ra ìpín náà fún ara rẹ̀. Agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ náà bọ́ pẹ̀lú, nítorí ìgbìmọ̀ ni ó ní kí ó rà. Ìpàdé kan náà, ọjọ́ kan náà, òwò kan náà, síbẹ̀ ìdájọ́ wọn yàtọ̀. Kí ni ì bá ti ṣẹlẹ̀ bí ìwé bá kàn sọ pé “gbogbo wọn ni wọ́n jọ ṣe é”? Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà.

Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ Òyìnbó àtijọ́ ni èyí, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, lábẹ́ Sanusi Lamido Sanusi, yọ àwọn ọ̀gá àgbà báńkì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú wọn ni Erastus Akingbola ti Intercontinental. Báńkì náà pe ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ lẹ́jọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Access Bank gba Intercontinental, ó jogún ẹjọ́ náà. Òfin Nàìjíríà ni wọ́n fi wọn ojúṣe rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdarí. Akingbola jiyàn gbogbo ẹ̀sùn náà. Ní oṣù keje ọdún 2012, adájọ́ dájọ́ pé kí ó san nǹkan bíi mílíọ̀nù 654 pọ́n-ùn.

N kò fẹ́ kí ẹ wo iye owó nìkan. Ẹ wo bí wọ́n ṣe to ẹ̀sùn. Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹjọ́ náà pín sí. Àkọ́kọ́ ni owó báńkì tí wọ́n fi ra ìpín ìdókòwò báńkì náà fúnra rẹ̀, nǹkan bíi bílíọ̀nù 145 náírà. Ìkejì ni owó tí ó lọ sọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ Tropics tí ó so mọ́ ọn, nǹkan bíi bílíọ̀nù 18 náírà. Ìkẹta ni nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ àbọ̀ pọ́n-ùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn agbẹjọ́rò ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí ilé tí ó ń rà níbẹ̀. Ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, owó tirẹ̀ àti ọ̀nà tí owó náà gbà. Ó ṣeé ṣe kí ènìyàn jiyàn ìdájọ́ náà láti àárọ̀ di alẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò béèrè pé, “Kí ni wọ́n ní ó ṣe?” Ara owó tí ó wà nínú àwọn báńkì wọ̀nyẹn ni owó àwọn olùkọ́, àwọn ìyálọ́jà àti àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì wa. Ẹjọ́ tí ó lójú tí ó nímú ni ó tọ́ sí wọn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Wọn yóò ní ẹni tí ó jí owó ni ó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwé dání. Báwo ni olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì yóò ṣe mọ ọjọ́ àti iye? Wọn yóò ní bí a bá ń béèrè ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn olè nìkan ni a ń gbè.

Òótọ́ ni pé ìwé pọ̀ lọ́wọ́ àwọn olùdarí ju ọwọ́ wa lọ. Ṣùgbọ́n àìpé yàtọ̀ sí àìyéni. Ẹni tí kò mọ gbogbo rẹ̀ lè sọ ìwọ̀nba tí ó mọ̀ kí ó yéni. Ìṣirò owó ọdọọdún tí ayẹ̀wé-owó-wò ti yẹ̀ wò tọ́ sí gbogbo onípìn-ín, òwò láàárín ilé iṣẹ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì máa ń wà nínú àlàyé ẹ̀yìn ìṣirò náà fún ẹni tí ó bá fara balẹ̀ kà á. Àjọ tí ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Abuja ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn tí ó ni ilé iṣẹ́ àti àwọn tí ọwọ́ wọn wà nínú rẹ̀ gan-an. Pẹ̀lú èyí nìkan, a lè kọ ọ́ pé: ní ọdún báyìí, ilé iṣẹ́ wa san iye báyìí fún ilé iṣẹ́ lágbájá, olùjẹ́jọ́ kejì wà lára àwọn tí ó ni ín, wọn kò sọ ọ́ fún ìpàdé gbogbogbòò, ìwé ìyókù wà lọ́wọ́ àwọn olùjẹ́jọ́. Gbólóhùn mẹ́rin péré. Lẹ́yìn èyí, ìlànà ilé ẹjọ́ fún wa láyè láti bi olùjẹ́jọ́ ní ìbéèrè tí yóò fi ìbúra dáhùn, kí a sì béèrè kí ó kó ìwé jáde. Ṣùgbọ́n adájọ́ wo ni yóò ní kí wọ́n kó ìwé jáde lórí “láti ìgbà dé ìgbà”?

Ohun kan tún wà tí àwọn agbẹjọ́rò wa kì í fẹ́ sọ fún oníbàárà: ta ni ó ni ẹjọ́ gan-an? Láti ọdún 1843, nínú ẹjọ́ Foss àti Harbottle, ni òfin ti sọ pé bí olùdarí bá ṣẹ ilé iṣẹ́, ilé iṣẹ́ ni ó ni ẹ̀tọ́ láti pè é lẹ́jọ́. Abala 341 nínú CAMA tún un sọ. Ṣùgbọ́n òfin wa mọ̀ pé bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀; ìgbìmọ̀ tí ó ṣẹ̀ kò ní pe ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Ìdí nìyí tí abala 346 fi fún onípìn-ín láyè láti gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ kí ó lè jà lórúkọ ilé iṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé àwọn tí ó ṣẹ̀ ni wọ́n mú ilé iṣẹ́ dání tí wọn kò sì fẹ́ ṣe nǹkan kan, pé òun ti kìlọ̀ fún wọn, pé òtítọ́ ni òun fi ń ṣe é, àti pé ẹjọ́ náà yóò ṣe ilé iṣẹ́ láǹfààní. Ìwé tí kò sọ bóyá owó ara rẹ̀ ni onípìn-ín ń béèrè tàbí ti ilé iṣẹ́ ti ṣubú ní ẹnu ọ̀nà.

Ẹ má rò pé àwọn agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ ni mo ń gbè. Àwọn náà ní ẹjọ́ í jẹ́. Àwọn kan wà tí ohun tí a ní wọ́n ṣe yé wọn kedere, ṣùgbọ́n tí wọn yóò ní kò yé àwọn, kí wọ́n lè fi àtakò jẹ ọdún mẹ́rin. Bí ẹ̀sùn kò bá yé ènìyàn ní tòótọ́, ìlànà wà fún un láti béèrè àlàyé síwájú sí i. Ẹni tí kò béèrè àlàyé, tí ó kàn ń béèrè kí wọ́n da ẹjọ́ nù, kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé e. Àwọn adájọ́ wa pẹ̀lú gbọ́dọ̀ máa pàṣẹ àlàyé kí wọ́n tó da ẹjọ́ nù. Bí agbẹjọ́rò bá sì tún kùnà, kí owó ìtanràn jáde láti àpò rẹ̀, kì í ṣe láti àpò oníbàárà rẹ̀.

Àwa akọ̀ròyìn náà kò mọ́. Àwa ni a ń gbé ariwo ọjọ́ kìn-ín-ní jáde láìka ìwé ìpẹ̀jọ́. Bí a bá ń kà á, tí a sì ń kọ ọ́ pé “ìwé náà kò sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe,” ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò ì bá ti kọ́gbọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin onípìn-ín, kí ẹ tó san owó fún agbẹjọ́rò, ẹ ní kí ó ka ìwé náà fún yín ní èdè tí ó yé yín. Ẹ fi ìka sí orúkọ olùdarí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ béèrè pé, “Kí ni èyí ṣe? Ọjọ́ wo? Èló?” Bí ó bá fi ọ̀rọ̀ ńlá dá yín lóhùn, ẹ gba ìwé yín, ẹ máa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí adájọ́ bá dá yín lẹ́bi lẹ́yìn tí ó ti gbọ́ tẹnu yín, ẹ lè pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn gbé àpò ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá sí Ìkòyí, kí ó jókòó láti òwúrọ̀, kí ó sì jáde láìmọ̀ bóyá ẹjọ́ òun ni wọ́n dá, ìyà gidi nìyẹn. Olùdarí tí ó jẹ owó rẹ̀ kọ́ ni ó fi ìyẹn jẹ ẹ́. Agbẹjọ́rò tí ó kọ̀ láti kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé ni.